Ẹrù Tó Pa Ẹ̀rọ Iná Ìgbó-Ọrà

Òórùn epo dúdú tó máa ń gbé mọ́ mi láṣọ ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Ayé òyìnbó ṣì nìyẹn, ìgbìmọ̀ ìlú wa ní Ìgbó-Ọrà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀rọ iná kan tí yóò máa tan gílóòbù sí gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ; apá mi tó le tó láti yí irin tó ń jí i ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní fìlà àti ṣòkòtò kákí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ìlú bí ẹni pé èmi ni mo bí mànàmáná.

Lọ́jọ́ tí òyìnbó ẹlẹ́rọ ti Ìbàdàn wá kọ́ wa bí a ó ṣe máa lò ó, àwọn ìjòyè pé jọ, ògbufọ̀ ìgbìmọ̀ sì dìde láti túmọ̀. Ọkùnrin yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ dáadáa: ẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n, ìtanràn. Gẹ̀ẹ́sì iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ ẹ̀wù kóòtù nínú oòrùn bẹ́ẹ̀, tí yóò wá ní òun ò mọ̀? Òyìnbó dárúkọ wáyà tí iná ń gbà kọjá, ògbufọ̀ ní, "Ó ní wáyà yìí wà láàyè." Ìjòyè àgbà kan bi í pé, "Èkejì ńkọ́, ó ti kú ni?" Òyìnbó fi wáyà mìíràn hàn wá, èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ lọ. Ògbufọ̀ ní, "Èyí, ti Ilẹ̀ ni." Gbogbo àgbà mi orí: ó dára, àwọn òyìnbó náà mọ̀ pé a kì í fojú di Ilẹ̀. Níkẹyìn, òyìnbó na ìka sókè, ojú rẹ̀ le. Ògbufọ̀ yíjú sí mi.

"Ìwọ, ó ní o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n di ẹrù lé ẹ̀rọ yìí. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, ó máa bàjẹ́."

"Wọ́n á kọ́kọ́ pa mí ná, sà," ni mo fèsì.

Mo sì ṣe é tọkàntọkàn. Mo lé àwọn obìnrin tó ń sọ igi ìdáná kalẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Ewúrẹ́ ò gbọdọ̀ fara ti ògiri ilé ẹ̀rọ. Àkùkọ kan tó bà lé ẹ̀rọ lórí, òkò mi ló sọ ọ́ di arọ. Ní gbogbo àsìkò yìí, alága ìgbìmọ̀, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, ti ní kí wọ́n fa wáyà wọ ilé òun. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní áyọ́ọ̀nù oníná tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ní kẹ́tù tó ń fi iná se omi tíì. Èmi ni mo bá wọn so wáyà náà mọ́ òpó. Wáyà kì í ṣe ẹrù lójú tèmi. Ẹnikẹ́ni ò rù ú.

Nígbà tí Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, máa wá ṣèbẹ̀wò, gbogbo áyọ́ọ̀nù ilé alága ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀, wọ́n ń lọ agbádá lé agbádá. Ajẹ́lẹ̀ jókòó, wọ́n tan gílóòbù, fáànù ń yí. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, èéfín dúdú sọ, ó sì dákẹ́. Ajẹ́lẹ̀ nu òógùn ojú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ògbufọ̀ fò sókè: "Ó ní ẹrù ti pọ̀ jù!"

A sáré lọ sí ilé ẹ̀rọ. Obìnrin àgbàlagbà kan, ará Ìdèrè, tó ń lọ sọ́jà, ló sọ apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń fẹ́ra. Àwọn akódà ìgbìmọ̀ ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n gbá èmi àti òun mú, wọ́n ní a ba dúkìá ọba jẹ́.

Ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, alága kan náà ni adájọ́. Ó ní ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí wa. Obìnrin Ìdèrè ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀rọ tí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ògiri lè pa, ṣé ẹ̀rọ nìyẹn àbí ọmọ ọwọ́?" Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín, alága gbá tábìlì. Wọ́n tì wá mọ́lé títí òyìnbó ẹlẹ́rọ yóò fi dé, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ sì wà ní igun ilé ẹjọ́. Ẹ̀rí ni. Ó ń rà.

Òyìnbó dé, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó wo ògbufọ̀, ó tún wò ó. Ó jáde, ó tọ wáyà láti òpó dé òpó títí ó fi wọ ilé alága. Ó kó àwọn áyọ́ọ̀nù jáde, ó kó kẹ́tù mọ́ wọn, ó tò wọ́n sórí tábìlì adájọ́, ó sì ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Lóòdù. Lóòdù. Lóòdù."

Ògbufọ̀ ní, "Ó ní... ohun tó bá ń jẹ iná ni àwọn ń pè ní ẹrù."

Adájọ́ ò kúkú lè rán ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Alága wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé, a kì í gbé irú ẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Wọ́n tú wa sílẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà lórí mi, nítorí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀rọ, àbúrò ìyàwó alága nìkan ni wọ́n sì rí tó gbọ́ ọ.

Obìnrin Ìdèrè kò kúrò lójú kan. "Ẹ̀gẹ́ mi tó rà yìí ńkọ́? Ta ló máa dá a padà fún mi?"

Òyìnbó bi ògbufọ̀ pé kí ló wí. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju ti ìkíni lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èsì rẹ̀ yékéyéké: ó ní ìyá náà ń dúpẹ́. Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ìbàdàn ni mo gbà lọ lẹ́yìn náà, mo kọ́ṣẹ́ iná, mo sì darúgbó sídìí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ògbufọ̀ ò béèrè, òun ò sì ṣìnà rárá. Wọ́n fi í joyè kí àwọn òyìnbó tó lọ. Àwa tó tẹ̀lé e la ṣìnà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo máa ń rò báyìí. Ìyá yẹn ni. Nígbà tí gbogbo wọn ti túká, mo bá a gbé apẹ̀rẹ̀ tó ń rùn náà rù, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi," ó sì kọjú sọ́nà Ìdèrè. Ọpẹ́ kan ṣoṣo tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó.