Òkè Ebè tí Mi Ò Wà: Láti Ẹdẹ dé Sáríà

Kí n tó sọ bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe tí kò dára, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó ju ìdajì àsìkò òjò kan lọ tí mo fi kọ irọ́ sínú ìwé.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò wọ́pọ̀. Dókítà Ìyábọ̀, olùkọ́ yunifásítì tí ilé wọn wà ní Ẹdẹ níbí, ló gbà mí síṣẹ́. Àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ kan tó ń yí ayé po lókè ọ̀run, sátẹ́láìtì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní bó bá ti ń kọjá, ó máa ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rin tó, láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá máa kọjá lórí wa, èmi a gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí oko iṣu mẹ́ta, ọ̀kan ní Ara, ọ̀kan ní Sẹ̀kọ̀nà, ọ̀kan lẹ́yìn ìlú. N ó wa erùpẹ̀ sínú agolo, n ó fi abẹ́là yíyọ́ dí ẹnu rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má fẹ́ lọ. A ó wọ̀n ọ́n ní tútù lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà kan, a ó yan án gbẹ, a ó tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín ni omi, èmi a sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan erùpẹ̀ ní yunifásítì ti bàjẹ́, ìjọba sójà kò sì fún wọn lówó àtúnṣe lásìkò ọ̀wọ́n gógó tí wọ́n ń pè ní Sáàpù yìí, ló bá di ààrò búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun ti wọ́n débi pé ààrò náà kì í gbóná ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì jáde, èmi a ti agolo mi wọlé. Ẹni tó ni ààrò a máa ké sí mi láti ìta pé, "Múfú, tìẹ ti jinná o! Wá kó o kó tó jóná."

Agolo méjì-méjì ni Dókítà ní kí n máa kún ní oko kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti òkè ebè, ọ̀kan láti poro, ìyẹn àárín ebè sí ebè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Ara, bí mo ṣe gbé ọkọ́ sókè báyìí, Bàbá Jímọ̀ tó ni oko fi igbe ta.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ ṣí iṣu mi nídìí ni? Ta ló ń tú aṣọ aboyún wò?"

Ojú tì mí. Poro ni mo wà sínú agolo méjèèjì, mo sì kọ "òkè ebè" sára ọ̀kan. N kò padà bẹ Bàbá, n kò sì sọ fún Dókítà. Ní oko méjì yòókù, n kò tilẹ̀ bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ́ mi lára. Èyí tó wá burú jù ni pé Dókítà ní kí olóko máa tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ ojú ewé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bàbá Jímọ̀ kò mọ̀wé. N ó fi yíǹkì sí wọn ní àtàǹpàkò, wọn a tẹ̀ ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọn kì í bi mí ní ohun tí mo kọ.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Dókítà ti lọ sí Sáríà fún ìpàdé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wáyà kan wọlé fún mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́: kí n gbé ìwé náà bọ̀ kíákíá. Àwọn tó mú iye ti sátẹ́láìtì wá síbẹ̀ sọ pé ilẹ̀ Ẹdẹ tí a wọ̀n rin ju bí ẹ̀rọ wọn ṣe rí i lọ, wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí ìwé.

Ẹ̀rù bà mí o, ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ mọ́: inú mi dùn ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. N kò kọjá Ọ̀fà rí láyé mi.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi dé téṣàn rélùwéè. Ọkọ̀ tí wọ́n ní á dé ní aago mẹ́fà, ọ̀sán gangan ló yọ. Owó kíláàsì kẹta kò tó ìdajì owó mọ́tò, ìyẹn ni èrò fi kún un dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Mo rí etí bẹ́ǹṣì jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alájà Sàlámátù, ìyá kan láti Ìwó tó ń lọ ra àlùbọ́sà. Ní Ọ̀fà, wọ́n ń ta búrẹ́dì ní náírà márùn-ún lójú fèrèsé. Alájà pọ̀ṣẹ́, ó ra ọsàn mẹ́wàá ní náírà kan, ó fún mi ní méjì.

"Kí lo gbá mọ́yà bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé owó ni?"

"Ìwé ni, mà. Ìwé erùpẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún wọn, títí kan ààrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí wọn.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará! A ò rí búrẹ́dì jẹ yó, wọ́n ń yan erùpẹ̀ ní Ẹdẹ!"

Gbogbo kóòṣì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Alájà wá fi ẹnu sún mọ́ etí mi. "Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ó lè bá mi wo inú àpò àlùbọ́sà? Nítorí èyí tó dáa ni wọ́n máa ń kó sókè. Èmi kì í gbà fún wọn, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń tú wò."

Ìsàlẹ̀ nìkan lèmi ti wò ní tèmi.

Ní Jẹ́bà, a gun afárá Odò Ọya. Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, Ọ̀ṣun wa tí a fi ń yangàn yìí, bíi omi ìfọṣọ ló máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Mo na ọrùn jáde títí ìyá kan fi fà mí ní ṣẹ́ẹ̀tì pé kí irin afárá má gé mi lọ́rùn. Lẹ́yìn ibẹ̀, igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ojú ọ̀run fẹ̀, ọkà bàbà ga ju ènìyàn lọ. Alájà ń kọ́ mi lédè Hausa: *ruwa* ni omi, *fadama* ni ohun tí àwa ń pè ní àkùrọ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ra *fura* fún mi, ìyẹn ọkà jéró gígún tí wọ́n ṣù róbótó, tí wọ́n fọ́ sínú wàrà kíkan. Ó kan bí ògì ọjọ́ mẹ́ta. Mo mu igbá méjì.

Ní Kàdúná, sójà wọlé wá yẹ ẹrù wò. Ọ̀kan ṣí ìwé mi, ó rí àmì ìka lójú ewé lẹ́sẹẹsẹ, ó bi mí pé ta ló ni ìka wọ̀nyí. Mo ní ẹlẹ́rìí mi ni. Ó jù ú padà sí mi láyà. Ọ̀rọ̀ "ẹlẹ́rìí" yẹn kò kúrò lẹ́nu mi títí a fi dé Sáríà.

Dókítà wá pàdé mi ní téṣàn, wọ́n sì mú mi gba oko kan lọ tààrà, kí n lè rí bí àwọn tibẹ̀ ṣe ń ṣe é. Wọn kì í kọ ebè róbótó bíi tiwa níbẹ̀. Gbọọrọ ni tiwọn, ó nà lọ láti ìpẹ̀kun oko dé ìpẹ̀kun. Ọ̀gbẹ́ni kan wa òkè, ó wa poro, ó da méjèèjì sí mi lọ́wọ́. Ti òkè gbẹ fúkẹ́fúkẹ́ bíi gààrí. Ti poro dúdú, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Dókítà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "O rí i? Níbi gbogbo ni òkè ti máa ń gbẹ ju poro lọ, àfi lọ́dọ̀ wa. Ní Ẹdẹ, òkè àti poro kò yàtọ̀ rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn lọ́la nìyẹn, pé ilẹ̀ wa yàtọ̀, ẹ̀rọ wọn kò mọ̀ ọ́n wò."

Erùpẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mà, ilẹ̀ wa kò yàtọ̀. Èmi ni mi ò wa òkè ebè."

Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún títí. "Mélòó nínú wọn?"

"Gbogbo wọn ni, mà."

Wọn kò pariwo, ìbá sì sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ́la, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo dé fọ́ọ̀mù kẹta péré ṣe dìde láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, Dókítà ń túmọ̀ rẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bàbá arúgbó kan tó ní irùngbọ̀n funfun ní kí wọ́n fa ìlà méjì sójú pátákó, ọ̀kan ti agolo wa, ọ̀kan ti sátẹ́láìtì. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo nǹkan! Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ ní Ẹdẹ, ìlà méjèèjì á jọ fò sókè. Bí ọ̀dá bá mú, wọ́n á jọ wálẹ̀, bíi ìbejì. Tiwa kàn ń ga ju tiẹ̀ lọ ni, nítorí poro nìkan la wò, òun sì ń wo ilẹ̀ pọ̀, ebè àti poro. Ohun tó wà lókè ọ̀run ti rí òkè ebè tí èmi tó dúró tì í kọ̀ láti wò! Mo gbàgbé ẹ̀bi mi, mo pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì wò mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bèèrè pé, "Àgbẹ̀ tó ń tẹ̀ka yìí ńkọ́? Ṣé òpùrọ́ lòun náà?"

Mo ní rárá, wọn kò mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ka sí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn, ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù.

Wọ́n dá ìwé náà dúró ní Sáríà kí wọ́n lè dà á kọ. Dókítà fi mí sínú mọ́tò pé kí n tètè padà, òjò ṣì kù nílẹ̀ wa, bí a bá rí òkè ebè wà títí iṣu yóò fi tán lóko, iṣẹ́ wọn kò ní ṣòfò. Sójà dá wa dúró lọ́nà títí mo fi ṣìrò wọn tì. Mo dé Ẹdẹ nírọ̀lẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Jímọ̀ ní Ara.

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wa òkè ebè."

"Ṣé ìyẹn lo ṣe dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀? Dìde. Iṣu ni mo ní kí o má ṣí. Àwọn ebè tí iṣu wọn jẹrà sínú ilẹ̀ ńkọ́? Mẹ́jọ ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Àbí o bi mí, tí mo ní kí o má wà á?"

Ọjọ́ méjì ni mo fi wọ rélùwéè lọ kọ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo nílò.

Mo wa méjèèjì. Òkè gbẹ, poro rin, gẹ́gẹ́ bíi ti Sáríà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tuntun, Bàbá na àtàǹpàkò sí mi. Mo kọ́kọ́ ka ohun tí mo kọ sí wọn létí.

"Kí lo ń kà á sí mi létí fún? Ṣé mo bi ọ́ rí ni?"

"Ẹ ò bi mí rí, Bàbá."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n nu ìka sára ẹ̀rú ọkọ́, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ìwé àtijọ́ ṣì wà ní Sáríà, ìka wọn sì wà ní gbogbo ojú ewé tí mo kọ ti Ara sí, lábẹ́ irọ́ tí kì í ṣe tiwọn, níbi tí ẹnì kan ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí ìwé náà bá dé, n ó kà á sí wọn létí. Ṣùgbọ́n n kò nílò ìwé kí n tó lè sọ ọ́. Mo ti dé oko náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà yẹn, agolo méjèèjì ni mo sì ń kún bó ṣe yẹ. N kò tíì sọ fún wọn.