Ìgò Méjì Tí Mo Gbé Fún Prọ́fẹ́sọ̀

Ìyá mi ní Itele kì í jẹ́ kí n wọlé pẹ̀lú aṣọ tí mo bá wọ̀ lọ sí láàbù. Imí ọjọ́ wà nínú ohun tí mò ń sè níbẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú mi délé. "Ṣé ẹyin tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń kọ́ yín sè ni?"

Oògùn ọgbẹ́ inú ni mò ń bá yí, nítorí màsítà tí mò ń ṣe ní Ọ̀tà. Ẹ̀dà méjì ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń ní. Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì, àmọ́ bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ni wọ́n rí: ẹ gbé ọ̀kan síwájú dígí, èkejì lẹ máa rí, síbẹ̀ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún kò ní wọ ọwọ́ òsì. Ara èèyàn mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ojú ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi wá bí mo ṣe máa yà wọ́n. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀rọ kan bá mi yà wọ́n: ọ̀kan a kọ́kọ́ jáde, èkejì a tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ ọ̀tún, ó sì lè jẹ́ òsì. Àfi kí n jẹ́ kí wọ́n dì di èérún tó ń dán bí iyọ̀, kí wọ́n wá fi X-ray wò wọ́n. Imí ọjọ́ inú wọn wúwo tó láti tú àṣírí náà. A ò ní irú ẹ̀rọ X-ray bẹ́ẹ̀ nítòsí, ni ọ̀gá mi, Prọ́fẹ́sọ̀ tó ń lọ sókè òkun, bá ní àwọn máa bá mi gbé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, mo nu ìgò kékeré méjèèjì kí wọ́n lè mọ́ lójú àgbà. Omi tí mo fi nù wọ́n pa àkọlé wọn rẹ́. Mi ò fòyà. Mo mú èyí tó kọ́kọ́ jáde sọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì sọ́wọ́ òsì, mo ń wá bírò kiri. Bí mo ṣe pàdé Prọ́fẹ́sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, tí ọkọ̀ ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Ṣé màá wá fi òsì na nǹkan sí bàbá olórí ewú? Kíá, mo kó méjèèjì sọ́wọ́ ọ̀tún, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́!

Mo ti dé ibi àtẹ̀gùn kí n tó rántí pé mo ti pa ìgò méjèèjì pọ̀. Mo lè dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Mo lè méfò, bóyá màá gbà á. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá gbà á, irọ́ ni iṣẹ́ ọdún méjì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo sáré padà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ èwo ni èwo mọ́."

"Báwo?"

"Ọwọ́ kan ni mo fi kó o fún yín. Mi ò lè na òsì sí yín, sà."

Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú. "Dírẹ́bà, pa ọkọ̀ yẹn ná."

A padà sí láàbù. A fa ẹ̀kán kan nínú omi tí èérún inú ìgò kan rì sí, a fún ẹ̀rọ tó yà wọ́n, kò sì pẹ́ tó fi hàn wá èyí tó kọ́kọ́ ń jáde. Mo kọ àkọlé tuntun, mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Ni Prọ́fẹ́sọ̀ bá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ó yá, bó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o ṣe gbé e wá."

"Ẹ ṣàánú mi, sà."

"Gbé e wá, jàre. Mi ò ní gégùn-ún."

Mo fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Ojú tì mí.

Lẹ́yìn oṣù kan, èsì dé lórí WhatsApp. Èérún inú ìgò ọwọ́ ọ̀tún ti fọ́ lọ́nà, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan kà lára rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì nìkan ló yè, ẹ̀rí rẹ̀ sì tó fún méjèèjì. Ká ní mo ti dákẹ́ lọ́jọ́ náà, à bá rí èsì gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì bá mọ ìgò tó ni ín.