Ìka Mẹ́rin Lókè Omi

Mo fẹ́ la ọkọ̀ Mùínátù fún igi ìdáná. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi ni mo ní sùúrù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní Ugbonla, ìlú wa tó wà lórí omi, láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Mò ń gbẹ́ ẹ, mò ń fi ọ̀dà dí i, èyí tó bá sì ti kú, mò ń là á fún àwọn tó ń yan ẹja. Ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ń gba àyè lábẹ́ àtíbàbà mi ni.

Èmi náà ni mo gbẹ́ ọkọ̀ kékeré ọ̀hún, nígbà tí irun funfun kan ò tíì sí lórí mi. Ẹnì kan àti agbọ̀n méjì ni mo wọ̀n ọ́n fún. Ìyá Mùínátù ló gbà á lọ́wọ́ mi, nígbà tí ìyá sì kú, ó di ti ọmọ. Ẹni tó bá mọ Ugbonla nígbà náà á rántí. Kí oòrùn tó yọ tán, ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn Mùínátù láàárín àwọn ilé olópòó: "Pupuru gbígbóná rè é o! Ẹ na igbá yín wá!" Àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na igbá sísàlẹ̀, Mùínátù á sì gbé pupuru ẹ̀gẹ́ rìbìtì sí i, èéfín ààrò ṣì ń rùn lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kankan ò pariwo nígbà náà. Mo mọ ìró àjẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn: ẹ̀ẹ̀mejì lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan lápá òsì.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé. Mùínátù fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà mi, ó kan ìsọ̀ mọ́ iwájú ilé rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, àwọn oníbàárà ló wá ń wá a. Ogún ọdún ló fi jókòó, ara rẹ̀ sì ń sanra sí i. Mọ́sáláṣí kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ lórí afárá pákó, síbẹ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì Promise, tó ń kó èrò, ló ń gbé e lọ. Promise yìí kò mọ ọ̀rọ̀ gbé mì. Bí Mùínátù bá ti yọ báyìí, á kígbe:

"Àárín ni tiyín o, Màmá! Ẹ má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí gbogbo wa má baà lúwẹ̀ẹ́ lónìí!"

Gbogbo èrò á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú omi ló máa ń wò.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, ó rọra tẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún wá sí àtíbàbà mi, ó bá mi tí mo di àáké mú.

"Bàbá Báyọ̀, kí lẹ fẹ́ fi àáké yẹn ṣe?"

"Igi ìdáná ni. Ọkọ̀ rẹ ti gba àyè tó."

"Ọkọ̀ ìyá mi?"

"Ìyá rẹ ń wọ inú rẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn le, mo mọ̀. Ó ṣáà ní kí n gbé e sómi. Mo gbé e sómi, mo di etí rẹ̀ mú, Mùínátù wọ inú rẹ̀, ó jókòó. Mo fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín omi àti etí ọkọ̀. Ìka méjì péré.

"Bí Promise bá kọjá lẹ́ẹ̀kan, ìgbì rẹ̀ á rì ọ́," ni mo wí. "Ìka mẹ́rin ni òfin mi. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìka mẹ́rin lókè omi kì í kúrò níbí."

"Ẹ fún mi di Iléyá tó ń bọ̀."

"Tí o ò bá dé ìka mẹ́rin ńkọ́?"

"Kí ẹ là á. Èmi fúnra mi ni máa fi yan ẹja."

Báyìí la ṣe fẹnu kò. Gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, á wá jókòó nínú ọkọ̀, èmi á wọ̀n ọ́n.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá, ìka méjì náà ni. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó lọ ra tíì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń polówó nínú ọkọ̀ èrò pé ó ń fọ ọ̀rá dànù. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi mu ún, ó fi ebi pa ara rẹ̀, kò sì jìnnà sí ilé ìgbẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, mo ti fa ọkọ̀ rẹ̀ sórí pákó kí n lè fi ọ̀dà kùn ún. Ọjọ́ tí mo dá a padà sómi, ó jókòó, mo wọ̀n ọ́n: ìka mẹ́ta! Mo tún un wọ̀n. Ìka mẹ́ta ni. Ó pariwo Àlùbáríkà, ó lọ sílé, ó dáná ìrẹsì fún gbogbo àdúgbò, òun náà sì jẹ nínú rẹ̀ dáadáa.

Kò pé oṣù kan, ó ti padà sí méjì. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, kò pé méjì mọ́.

"Ọkọ̀ yìí ń parọ́ mọ́ mi!" ni Mùínátù wí, omi sì dà lójú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú. Ojú tì mí. Ọyẹ́ ló fa omi inú igi gbẹ nígbà tó wà lórí pákó, igi náà fúyẹ́, ó léfòó. Nígbà tó padà sómi, ó mumi yó. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an ò gbọdọ̀ ṣe irú àṣìṣe yẹn.

"Ọkọ̀ ló fọn, Mùínátù, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ náà, omi ni tíì yẹn fà lára rẹ. Omi ti padà sílé."

Jímọ̀ mẹ́ta ni mi ò rí i. Mo wọ bàtà, mo lọ bá a nílé.

Àwa ará ibí, ẹni tó bá ń jẹun níwájú ilé gbọ́dọ̀ pe ẹni tó ń wakọ̀ kọjá, ẹni tó pè sì gbọ́dọ̀ bá àlejò bu òkèlè. Mo jókòó, mo ń ka iye ẹni tó ń pè. Kí n tó dìde, ọkọ̀ mẹ́rin ti yà, ó sì ti bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ. Nígbà tí ẹni ìkẹrin lọ, ó fa ìkòkò mọ́ra, ó ń ha ìdí rẹ̀.

"Ta ló ń lé ọ?" ni mo bi í.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìkòkò. Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n ń gbé Aráròmí, tí iyanrìn etíkun ṣì fẹ̀ débi pé àwọn ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ se oúnjẹ, ó bò ó de bàbá wọn tó lọ pẹja, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òkun wọlé lọ́sàn-án gangan. Ó gbé ààrò, ó gbé ìkòkò, ó gbé ilé. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi rí oúnjẹ jẹ.

"Láti ìgbà yẹn, bí ìyá mi bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní: Ẹ jẹ ẹ́ tán. Ohun tó bá wà níkùn yín, òkun ò lè gbé e." Ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá Báyọ̀, tí mo bá fi oúnjẹ sílẹ̀, àyà mi máa ń já."

Mo ní, "Bo ìkòkò yẹn. Tí òkun bá gbé e lọ kí n tó padà wá lọ́la, èmi ni máa ra òmíràn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bò ó. Ọmọ rẹ̀ Rekiyat sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló dìde lọ ṣí i wò. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, Mùínátù ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ló wí, bí ẹni pé ìyanu ni.

Ojoojúmọ́ ló ń bo oúnjẹ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò jáwọ́ nínú pípe àlejò. Á bu òkèlè kan, á wá mú àwọ̀n àti abẹ́rẹ́, á máa tún àwọ̀n ṣe bí àlejò ṣe ń jẹun lọ. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sáláṣí.

"Màmá, ṣé ẹ ń bá mi jà ni?" ni Promise ń pariwo lórí omi.

"Wá àárín ẹlòmíràn!" ni Mùínátù dá a lóhùn.

Nígbà tó lọ síbi ìkómọ kan ní Abereke, ó jẹun bíi ti àtijọ́. Mo rò pé ó tún ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wá ní Jímọ̀, ó ní, "Ọjọ́ kan ni. Ẹ wọ̀n ọ́n." Tẹ́lẹ̀, ohun tí ì bá wí ni pé, ó ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́ tán. Èmi náà ò fa ọkọ̀ kúrò lómi mọ́.

Iléyá pé. Ní ọjọ́ kejì ọdún, ó fẹ́ wakọ̀ lọ sí ìpẹ̀kun àdúgbò, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Rekiyat ti di ẹrù sínú ọkọ̀: kúlà ìrẹsì, abọ́ ẹran àgbò, búrẹ́dì méjì, kẹ́ẹ̀gì omi. Mùínátù jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n.

"Ìka mẹ́ta àti ààbọ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Rekiyat bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí.

"Mẹ́rin la fẹnu kò sí."

Mùínátù wo iwájú ọkọ̀. "Rekiyat, ta ló ni kúlà yìí?"

"Tiyín ni, Màámi. Kí ebi má baà pa yín lọ́nà."

"Ṣé Gánà ni mò ń lọ ni?" Ó gbé kúlà, ó nà án sí mi. Ó gbé abọ́, ó gbé búrẹ́dì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lára abọ́ ẹran. "Ẹ bò ó dáadáa. Màá bá a níbẹ̀."

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìka mẹ́rin, kò lé, kò dín. Mo ti ọkọ̀ kúrò lẹ́bàá pákó.

Mo dúró títí tó fi yà lẹ́yìn ilé tó gbẹ̀yìn, tí mi ò rí i mọ́. Ìró àjẹ̀ ló kù: ẹ̀ẹ̀mejì lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan lápá òsì. Ibi tí ọkọ̀ yẹn wà lábẹ́ àtíbàbà mi ṣófo títí di òní. Mi ò tíì gbé nǹkan kan sí i.