Yàrà tí a gbẹ́ de Jámánì

Ọdún kejì tí mo délé ọkọ ní Ẹdẹ ni akéde ìlú polongo pé ogun ti bẹ́ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ó yà wá lẹ́nu. Jámánì kan wà nídìí rélùwéè tó ń ra ẹkùrọ́ lọ́wọ́ wa. Òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ máa ń jẹun ni. Òyìnbó ni gbogbo wọn lójú wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ, a ò sì rí i mọ́.

Baba ọkọ mi mọ ogun. Kékeré ni wọ́n ti fẹsẹ̀ ara wọn sá fún un. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, bó bá dé ibí, ṣé ó máa bi wá pé ta ni wá ni?" Ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ wọn lọ sí yàrà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn odi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn.

Nígbà tó yá, mo lọ kí àwọn èèyàn mi ní Ara, níbi tí wọ́n ti bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní kí n wọlé.

"Ṣé wọ́n rán ọ wá wò wá ni?"

"Wo kín ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àwọn ará ilé ọkọ rẹ ń gbẹ́ yàrà. Ta ni wọ́n fẹ́ bá jà, bí kò ṣe àwa?"

Ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn, erùpẹ̀ tútù sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn náà ti ń gbẹ́ tiwọn. Omi bọ́ lójú mi. Aya Ẹdẹ ni mí, ọmọ Ara ni mí. Ẹ̀yìn ta ni kí n wà? Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, kí ẹ fẹnu ara yín bi wọ́n."

Inú yàrà la bá baba ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ ń gbẹ́ èyí dè?"

"Jámánì ni, àna mi."

"Ṣé Ara ni Jámánì ń gbà bọ̀ ni?"

Baba gbé ọkọ́ wọn sílẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin náà ń gbẹ́. Mo rò pé àwa lẹ ń múra dè. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i."

Wọ́n wo ara wọn títí, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi fà wọ́n jáde. Mo gúnyán, mo fi ẹran ìgbẹ́ sebẹ̀, wọ́n jọ jẹ nínú àwo kan.

Ogun àwọn òyìnbó jà títí, kò dé Ẹdẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n gbẹ́ yàrà, mo bí àkọ́bí mi. Ará Ara kún ilé wa fún ìkómọ, wọn ò sì tètè lọ. Inú mi dùn púpọ̀.