Mo Wá Ọkọ Ìyá Mi Lọ sí Ìbàdàn

Ìdájí ló yẹ ká kúrò ní Ṣakí. Dírẹ́bà ti búra láti àná pé aago márùn-ún kò ní bá wa ní gáréèjì. Ó bá wa níbẹ̀, aago mẹ́fà náà sì bá wa níbẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ni mo ń wá lọ. N kò tíì mọ ìrìn í rìn nígbà tí wọ́n lọ ta pákó n'Íbàdàn tí wọn kò padà. Bàbá mi ti kú, gbogbo ará ilé wọn ti kú tán, àbúrò bàbá mi yìí nìkan ló kù.

Ìyá mi ní, "Ìyá ni ẹ̀ ń pè mí, Ìyá Àgbà lọmọ yín ń pè mí. Ta ló kù tó ń pè mí ní ìyàwó? Bá mi wá ọkọ mi wá kí n tó kú."

Ẹ kúkú mọ̀ pé gbogbo ọmọ tí obìnrin bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ.

"Kí lorúkọ wọn, Ìyá?"

"Kí n wá máa pe ọkọ mi lórúkọ? Eyínfúnjowó ni mò ń pè wọ́n."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àdírẹ́sì kò sí, fọ́tò kò sí, orúkọ kò sí, ṣùgbọ́n eyín wà.

A gba Ìsẹ́yìn dé Òjóò. Níbẹ̀, ẹnìkan tó ń wa Máíkírà, takisí kékeré Ìbàdàn, ń pariwo, "Bódìjà, ó ku ẹnìkan!" Ẹ̀yin ará ilé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mọ́tò náà ṣófo. Ní Agbówó, akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, kò kí mi. Ní Ṣakí, ẹni tó bá máa jókòó lé ọ lẹ́sẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé.

Ní ìsọ̀ pákó Bódìjà, mo béèrè Eyínfúnjowó. Ọkùnrin tó ń wọn pákó wò mí títí.

"Màmá, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín kọ́ nìyí o."

Mo ní ará Ṣakí ni wọ́n, pákó ni wọ́n ń tà.

"Ẹ ò tètè sọ! Bàbá Ṣakí nìyẹn. Wọ́n ti fi ọjà sílẹ̀, ilé ọmọ wọn l'Ákóbò ni wọ́n wà. Géètì aláwọ̀ ewé."

Kò sọ pé gbogbo géètì àdúgbò náà ló jẹ́ aláwọ̀ ewé. Àwa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ewúrẹ́; l'Ákóbò, ènìyàn ni wọ́n ń tì í mọ́. Mo kan àwọn géètì náà títí ọwọ́ fi ń ro mí, kí bàbá arúgbó kan tó ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní Eyínfúnjowó ni mò ń wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Eyín mẹ́ta ló kù, ìkankan nínú wọn kò funfun.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyàwó wa ṣì wà láyé?"

Mo bi wọ́n léèrè ohun tó dá wọn dúró.

"Mo ní n kò ní wálé àfi tí mo bá ra mọ́tò."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dúró de mọ́tò, bẹ́ẹ̀ àwọn èrò ń wọkọ̀ lọ sí Ṣakí láti Òjóò lójoojúmọ́. Ọgbọ́n ilé wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ wọ mọ́tò èrò. Lọ́nà, fìlà ni wọ́n ń tún dé. Nígbà tí a délé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìyàwó, ebi ń pa mí o."

Ìyá mi, tí gbogbo wa ń kúnlẹ̀ fún, kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."

Mo ti rò pé mo mọ ìyá mi tán. N kò mọ̀ pé ìyàwó kan ń bẹ nínú ilé wa tí kò rí ẹni pè é.

Ó pẹ́ tí ẹsẹ̀ ti ń dun Ìyá, àwa ọmọ ló ń dáná fún wọn. Mo dìde láti gbé ìkòkò kaná. Ìyá ti dé ilé ìdáná ṣáájú mi, wọ́n na orógùn sí mi.

"Bọ́ síta. Oúnjẹ ọkọ mi ni."