Idà Tí Wọ́n Ní Kí N Jù Sódò

Kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ rà láyé mi máa ń gbóná bí ààrò. Tòkunbọ̀ ni, ó sì wúwo débi pé ọlọ́kadà tó bá mi gbé e dé Uselu ń ké pe Ọlọ́run ní gbogbo ìgbà tí a bá já sí kòtò. Nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Bìní, mo ń dá gbé yàrá kan àti pálọ̀. Ẹni tó bá rí mi láàárọ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro mi yóò rò pé mo ti mọ ohun tí mò ń fi ayé mi ṣe. Wọn ò mọ̀ pé bí mo bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́, n ó bọ́ bàtà yẹn sọ nù, n ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, n ó sì di jagunjagun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún mi ní gẹ́ẹ̀mù náà. Nínú rẹ̀, wàá máa rìn káàkiri ilẹ̀ àjèjì, wàá máa bá iwin àti ẹranko abàmì jà, bí o bá sì ṣe ń ṣẹ́gun ni agbára rẹ yóò máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n idà kan ni gbogbo wa ń wá. Wọ́n ní àwọn alágbẹ̀dẹ tó ti kú ló rọ ọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ohunkóhun tó bá pa yóò wọ inú irin rẹ̀ lọ, yóò sì di agbára fún ẹni tó mú un lọ́wọ́. Mo wá idà yìí títí mo fi rù. Nígbà tí mo rí i, ohun kan ṣoṣo ló kù: kí n pa àjẹ́ arúgbó kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn, gẹ́ẹ̀mù á sì parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni màmá mi wá kí mi láti Ìkìrun. Ó wà ní kíṣìnì, ó ń bẹ iṣu, nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú pè mí lórí fóònù.

"Mo ti gba idà yẹn o!" ni mo pariwo. "Ẹ̀jẹ̀ tó ti mu ò kéré. Ìyá arúgbó yẹn nìkan ló kù. Mi ò fẹ́ kánjú, Sátidé ni màá pa á."

Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀, ṣùgbọ́n àlọ nìkan ni màmá mi gbọ́. Ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó lọ sí ọjà Oliha, ó ra tòmátì, ata àti ẹja, ó se ọbẹ̀ tó kún gbogbo fíríìjì. Mo bi í bóyá ó fẹ́ ṣe ìnáwó ni. Ó wò mí títí, ó ní, "Jẹun, ọmọ mi."

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀ṣun, bàbá tó ń ta táyà ní Uselu, ló kọ́kọ́ wọlé. Pásítọ̀ ìjọ wa tẹ̀lé e. Màmá mi, tí mo rò pé ó ṣì ń sùn, ló wọlé ṣìkẹta, ó di kóòtù pásítọ̀ mú láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Alága wí, "agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A fẹ́ gbọ́ tẹnu tìrẹ. Níbo lo gbé e pamọ́ sí?"

Ọ̀rọ̀ ọkọ ni màmá mi máa ń bá mi sọ ṣáá, mo sì rò pé ẹnì kan ló parọ́ mọ́ mi.

"Ẹ dákun, sà, kò sí ọkùnrin kankan nínú ilé yìí."

"Ta ló béèrè ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ? Idà là ń béèrè!"

Ẹ̀rín pa mí, mi ò sì mọ̀ pé kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ gbé Bíbélì rẹ̀ sókè díẹ̀. Mo bá sáré tan kọ̀ǹpútà, mo sì fi idà náà hàn wọ́n bó ṣe ń dán pupa lọ́wọ́ jagunjagun mi. Bàbá Alága wọ awò ojú, ó wò ó, lẹ́yìn náà ó lọ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà.

"Eré ọmọdé ni, Bàbá," ni pásítọ̀ wí.

"Ọmọdé wo? Èyí tó ń ṣiṣẹ́ báńkì yìí?" Ó yíjú sí màmá mi. "Ìyá, ẹ gbọ́ pé ọmọ yín fẹ́ pa yín, kí ló dé tí ẹ ò wọkọ̀ padà sílé?"

"Ta ni ì bá se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un?" ni màmá mi dáhùn. "Bó bá pa mí tán, ṣé kò ní jẹun ni?"

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi gbẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí n fi ìyá tí mo fẹ́ pa han òun. Mo fi hàn án. Arúgbó náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, orí rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀.

"Kí ló fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Wọ́n ní àjẹ́ ni, Mà."

"Àwọn wo? Ta ló rí i?"

Mo tún yíjú wo arúgbó náà. Màmá mi kò tíì ṣe tán.

"Ẹnu ọ̀nà ta ló jókòó sí?"

"Tirẹ̀ ni, Mà."

Bàbá Alága fa àga, ó jókòó dáadáa bí ẹni tó fẹ́ parí ìjà oníbàárà méjì. "Ìwọ lo jẹ̀bi," ló wí. "Lọ ju idà náà sódò."

Mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo ní ó pẹ́ gan-an kí n tó rí i. Ó ní olè pàápàá máa ń pẹ́ kó tó rí ohun tó ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dúró lẹ́yìn mi, tí mo ń darí jagunjagun mi lọ sétí odò. Lójú ọ̀nà, ẹranko kan fò yọ láti inú igbó.

"Ẹ̀yìn rẹ, sístà! Ẹ̀yìn rẹ!" ni pásítọ̀ ké.

"Sá, ọmọ mi, sá!" ni màmá mi ń pariwo.

"Sá lọ síbo? Bẹ́ ẹ lórí!" ni Bàbá Alága wí.

Mo bẹ́ ẹ lórí. Bàbá Alága wúkọ́ díẹ̀, ó ní idà náà mú o, àmọ́ ẹjọ́ tí a ti dá ti dá. Nígbà tí a dé etí odò, mo jù ú. Ó rì. Pásítọ̀ ní "Àmín." Omi lé sí mi lójú, àgbàlagbà èmi. Bí mo ṣe ń nu ojú ni wọ́n mú iná lọ.

Màmá mi bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún gbogbo wa. A kò tíì jẹun tán tí iná fi dé, tí mo sì tún tan kọ̀ǹpútà. N kò tíì tọ́jú ibi tí mo dé kí iná tó lọ, nítorí náà gẹ́ẹ̀mù padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Jagunjagun mi dúró gbọnin, idà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dán, kò tutù rárá.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ pásítọ̀.

"Ó padà wá," ni Bàbá Alága sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìṣojú mi ló ṣe rì."

Mo ṣàlàyé títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Pásítọ̀ tó pè é ní eré ọmọdé ti sún àga rẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá Alága dé fìlà rẹ̀. "Ìyá," ló wí, "ohun tí a jù sódò tí odò ò gbà, ti onílé ni. Ẹgbẹ́ ti ṣe tirẹ̀." Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé láti mú ẹja tó kù nínú abọ́ wọn dání.

Màmá mi nìkan ni ẹ̀rù ò bà. Ó wo arúgbó inú kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Máa tọ́jú idà rẹ. Ṣùgbọ́n ìyá yìí, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Mo ní mo gbọ́, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé bó bá ti lọ tán, n ó parí iṣẹ́ mi. Ó lọ. Mo jókòó síwájú ìyá náà nírọ̀lẹ́ púpọ̀, ìka mi wà lórí bọ́tìnì, n kò lè tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú parí tirẹ̀, ó fẹ́ sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà yẹn fún mi, mo di etí mi.

Láti ìgbà náà, bí màmá mi bá pè mí láti Ìkìrun, tó bá ti béèrè iṣẹ́, tó béèrè ọkọ, yóò béèrè pé, "Ìyá yẹn ńkọ́?"

"Ó wà, Mà."

"Bá mi kí i."

Ọdún ń gorí ọdún. Mo lọ́kọ, mo bímọ, kọ̀ǹpútà yẹn sì kọ̀ kò tàn mọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe ní Airport Road ní inú rẹ̀ ti jóná, kò sí ohun tí òun lè yọ níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni màmá mi pè, ó béèrè ìyá náà, ọ̀rọ̀ kan sì bọ́ lẹ́nu mi: "Ó wà, Mà. Ó ní kí n kí yín."

"Ó dáhùn?" ló wí. "Ó mà ti pẹ́ tí mo ti ń kí i."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ní ọ̀rẹ́ kan ní Bìní. Mo máa ń rò ó nísinsìnyí pé nínú gbogbo ìjà tí mo jà nínú gẹ́ẹ̀mù yẹn, èyí tí n kò jà ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́kàn. Nígbà tí a sin màmá mi, ìyá kan láti àdúgbò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí bóyá ọ̀rẹ́ màmá láti Bìní wà lára àwọn àlejò.

Mo dá a lóhùn pé kò lè wá, pé kò sẹ́lòmíràn tí yóò bá a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.