Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Da Orin Lé Lórí

Tí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sá a sóòrùn. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá rí i pé ó ti bu. Ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin sá tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́, nígbà tí wọ́n sì fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ká kò bíi pọ̀nmọ́ tó rí iná. Mo ní, "Mọ́mì, èyí kọjá agbára mi." Wọ́n ní, "Ṣebí oòrùn náà ló ń gbẹ nǹkan?"

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń gba kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, mo sì ń kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú díìsìkì tàbí fíláṣì. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀rọ fídíò tòkunbọ̀ kan, kọ̀ǹpútà kan tó dàgbà ju àbígbẹ̀yìn mi lọ, àti wáyà kékeré kan tó so àwọn méjèèjì pọ̀, gbogbo ohun èlò mi nìyẹn. Àwọn kan rò pé àfi kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì wọn ránṣẹ́ sí òkè òkun. Irọ́ ni. Iṣẹ́ yìí kò yẹ kó gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí ẹbí kan kó kásẹ́ẹ̀tì wọn wá pa pọ̀, kí wọ́n má ra díìsìkì mẹ́wàá nígbà tí fíláṣì kan lè gba gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ṣì fẹ́ díìsìkì, torí ó ṣeé dì mú, ó sì ṣeé kọ orúkọ sí lára. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ fíláṣì. Èmi a ṣe méjèèjì kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó bá ti bu, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ gbé e wá. Màá tú ike rẹ̀, màá fi aṣọ múlọ́múlọ́ tí mo rẹ sínú sípíríìtì nu téèpù náà díẹ̀díẹ̀, màá sì gbé e sínú ike mìíràn tó mọ́. Sùúrù ló ń gbà jù. Ìyàwó mi sọ pé tí mo bá lè ní ìdajì sùúrù yẹn nílé, àlàáfíà ìbá jọba.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Démọ́lá ni mo ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí a ṣì ń gbé kámẹ́rà léjìká bí ẹni gbé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fídíò tí kò bá lórin nígbà náà, oníbàárà kì í fẹ́. Wọn á ní, "Kí ló dé tó pa lọ́lọ́ báyìí?" Nítorí náà, tí a bá ti ya nǹkan tán, a ó da orin lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àdúrà o, ọ̀rọ̀ ìkíni o, ẹ̀rín o, gbogbo rẹ̀ ni orin ń bò. Èmi ni ọ̀gá mi fi apá yẹn lé lọ́wọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo gbà pé mo gbọ́ orin ju gbogbo ọmọṣẹ́ tó kù lọ.

Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí Mùíbátù wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin náà, yóò ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó fi aṣọ ìnura wé kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó sì dì í mọ́ àyà. Ó kí mi tán, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Bùọ̀dá Káyọ̀dé, ọjọ́ tí mo pé ọmọ ọdún kan ni wọ́n ya èyí. Màámi wà nínú ẹ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n fi kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Ọlọ́hun á kẹ́ wọn."

"Àmín. Mo ti wò ó títí kí ẹ̀rọ fídíò ilé wa tó bàjẹ́. Mo mọ ojú wọn. Mo mọ bí ẹnu wọn ṣe ń lọ. Mi ò mọ ohùn wọn, bùọ̀dá. Orin ni wọ́n dà bò ó látòkè délẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi yọ orin yẹn kúrò?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro: kò ṣeé yọ. Orin tí a bá dà lé kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe aṣọ tábìlì tí a lè ká kúrò. Ó ń pa ohùn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un nìyẹn. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà kí n lè wo ibi tó ti bu, mo sì rí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Orúkọ ọmọ náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òdòdó pupa kékeré kan tí wọ́n fi báírò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni mo ya òdòdó yẹn. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá gba ọwọ́ mi kọjá nígbà tí mo jẹ́ ọmọṣẹ́ ni mo máa ń ya òdòdó sí, kí ayé lè mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Káyọ̀dé.

Tí mo bá ní mi ò ronú láti pa á mọ́ra, irọ́ ni mo pa. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń wò mí lójú bí ẹni pé èmi ni dókítà tí wọ́n júwe fún un, ojú sì tì mí. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀.

"Tíṣà, èmi ni mo ya fídíò yìí. Èmi náà ni mo da orin lé e."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Ọmọṣẹ́ ni mí nígbà yẹn."

Ìgbà náà ló tó jókòó. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣépè fún ẹni tó da orin yẹn lé e o, bùọ̀dá."

"Èpè yẹn ti jà díẹ̀," mo dá a lóhùn, mo sì ṣí fìlà mi kó lè rí orí mi tó pá. "Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú kí ẹ̀rín náà tó dé. Ó fi etí híjáàbù rẹ̀ nu ojú. Ó ní kí n gbìyànjú, àmọ́ tí kò bá ṣeé ṣe, kí n sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Mo délé, ìyàwó mi gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Ó fọwọ́ kàn mí lọ́rùn bóyá ara mi gbóná.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, níbi tí Ọ̀gá Démọ́lá ti di àgbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ fídíò sílẹ̀. Mo bá wọn nídìí ẹ̀gẹ́, àdá lọ́wọ́ wọn. Mo kí wọn, mo sì rojọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọn á bá mi kẹ́dùn. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí.

"Káyọ̀dé, irú iṣẹ́ wo la ṣe fún wọn? Èyí ńlá ni àbí pọ́ọ́kú?"

"Pọ́ọ́kú ni, sà. Àwọn òbí ẹ̀ ò lówó lọ́wọ́ nígbà yẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!" Wọ́n ju àdá sílẹ̀. "Kámẹ́rà wo lo gbé lọ?"

"Èyí ńlá yẹn, sà, tí ẹ kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn láìwẹwọ́. Ẹ̀yin ń jẹun lọ́wọ́, ẹ wá ní kí n gbé e."

Ni wọ́n bá bẹ́ sẹ́rìn-ín. Inú bí mi díẹ̀, torí mi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi igi fa ìlà méjì sí ilẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan fífẹ̀. Wọ́n ní ohùn máa ń wà létí téèpù, tín-ín-rín báyìí, ibẹ̀ ni mo da orin sí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà olówó ńlá yẹn, ibi méjì ló ń kọ ohùn sí: ó ń kọ ọ́ sétí téèpù, ó sì tún ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán. Orin mi kò dé abẹ́ àwòrán. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí mò ń lò, etí téèpù nìkan ló lè kà.

Wọ́n ní àwọn tó ní kí a ṣe iṣẹ́ ńlá, a máa ń da fídíò tiwọn kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, a ó fi àwòrán ọkàn àti ẹyẹ tó ń fò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ohùn abẹ́ àwòrán a sì ṣòfò síbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ pọ́ọ́kú ló ń gba kásẹ́ẹ̀tì tó ti inú kámẹ́rà jáde gan-an. Àìlówó àwọn òbí Mùíbátù ló bá a pa ohùn ìyá rẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi ní èyí nígbà yẹn?"

"Mo kọ́ ẹ. Ò ń sùn ni."

Ẹ̀rọ fídíò wọn tó lè ka ohùn méjèèjì ṣì wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Adìẹ kan ló sàba lé e lórí. Ìyàwó ọ̀gá mi ní kí n fara balẹ̀ títí adìẹ yóò fi pa ẹyin rẹ̀, ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. A gbé òun àtẹyin rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, kò sì ṣàìfi ẹnu bó mi láwọ̀ lọ́wọ́ kí n tó lọ. Ọ̀gá mi ní ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún ẹ̀rọ náà ṣe, tí mo sì fi nu kásẹ́ẹ̀tì. Téèpù náà ti fẹ́lẹ́ láwọn ibì kan, mi ò sì rò pé ó lè yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó já. Mo pe Mùíbátù lórí fóònù, mo ní mi ò ṣèlérí kankan, ṣùgbọ́n kó wá ní ọ̀sán Sátidé. Ó dé kí n tó jẹun àárọ̀.

Mo fi àga sí iwájú tẹlifíṣọ̀n fún un. Èmi kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba ohun tó bá jáde sílẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà ìta ilé kan hàn, àga onírọ́bà, kéèkì kékeré kan, àwọn ọmọ tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú kun ọrùn wọn. Orin mi ń ké tantan lórí gbogbo rẹ̀. Kí Ọlọ́hun dárí jì mí, orin burúkú ni. Mo nawọ́ sí bọ́tìnnì tó ń yan ohùn, mo tẹ̀ ẹ́.

Orin náà dákẹ́ lójijì. Kò sí nǹkan mìíràn tí a gbọ́ àfi ṣííí. Mo wo Mùíbátù, ó ti di apá àga mú. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ ẹ́ nígbà tí àkùkọ kan kọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìró abọ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ kan ké, ẹnì kan ní kí wọ́n gbé omi wá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn èmi fúnra mi, ohùn ọmọ ogún ọdún tó ń ṣe fáàrí: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá ọlọ́jọ́ìbí sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ kọjú sí kámẹ́rà."

Obìnrin tó jókòó sórí ẹní nínú àwòrán náà gbójú sókè. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi sọ̀rọ̀, mo yí i padà kí gbogbo yín lè kà á.

"Ọ̀rọ̀ wo ni màá bá irin sọ? Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àní ìwọ oní-fídíò yìí, o ti dí mi lójú! Kúrò níwájú ọmọ mi, jẹ́ kí n rí i."

Àwòrán náà mì tìtì, torí mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó wúwo, tó ti inú ikùn wá. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Àbẹ̀kẹ́, wá. Rìn wá bá mi. Wá, ọkọ mi, má ṣojo." Ọmọ náà sì gbé ẹsẹ̀, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú sí i láyà.

Inú mi dùn. Mùíbátù ti bo ẹnu rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wíwúwo kan náà yẹn gan-an. Ó wò ó títí kásẹ́ẹ̀tì náà fi parí. Téèpù kò já. Mo sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ti wọ inú kọ̀ǹpútà, pé láti ìsinsìnyí lọ ó lè gbọ́ ọ títí yóò fi sú u.

"Kò ní sú mi," ó ní. "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi ibi tí wọ́n ti ń bá yín wí yẹn hàn mí."

Mo tún fi í hàn án lórí tẹlifíṣọ̀n láti inú kọ̀ǹpútà. Àkùkọ kọ, abọ́ ró, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tún ṣe fáàrí rẹ̀. Ìyá Mùíbátù gbójú sókè, ó sì tún pàṣẹ pé kí n kúrò níwájú ọmọ òun. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo fi èjìká dí ìdajì tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ Mùíbátù lójú.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo dìde, mo sì kúrò níwájú ọmọ wọn.